Àwọn Olólùfẹ́ Ẹranko Inú Kátúùnù: Agbo Ilé Wo Ni Wọ́n Ti Jáde?

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ṣágámù pè mí sórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 16, ní ìwé ìyàwòrán kan tó kún fún àwòrán òkété. Òkété náà ró ìró, ó wọ bùbá, ó wé gèlè, ó sì gbé igbá gààrì lérí. Ní ojú ewé mìíràn, òkété kan náà ló dúró sí etí títì tó ń fi ìrù dá mọ́tò dúró. Aládùúgbò kan rí ìwé náà, ó sì sọ fún ìyá ọmọ pé àwọn tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun, pé furry ni wọ́n ń pè wọ́n, pé wọ́n ń wọ awọ ẹranko, wọ́n sì gbà pé ẹranko ni àwọn. Ohun tí àbúrò mi fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ṣé ẹgbẹ́ ni lóòótọ́, ṣé ọmọ òun sì ti wọ inú rẹ̀?

Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú Òde níbí, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu òbí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ìdáhùn oníkánjú ti mú kí àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn fi ìwé ìyàwòrán wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ "ẹgbẹ́" fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. Bí ará Ìjẹ̀bú bá gbọ́ ẹgbẹ́, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni alága, akọ̀wé, owó oṣù, aṣọ àǹkóò àti ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí a kì í pẹ́ lẹ́yìn láìsan owó ìtanràn. Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fandom, ìyẹn àwọn tó jọ fẹ́ràn nǹkan kan náà, kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Agbo ni ó jọ. Bí onílù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ìta gbangba, àwọn kan á bọ́ sí àárín láti jó, àwọn kan á máa gberin, àwọn kan á dúró létí agbo máa wòran, ẹlòmíràn á sì kọjá lọ, á kàn mi orí sí ìlù náà kó tó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń wòran. Bí a bá fi agbo rọ́pò ẹgbẹ́ nínú ìbéèrè àbúrò mi, apá kan nínú ẹ̀rù rẹ̀ á ti dínkù.

Agbo àwọn furry jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ràn ẹranko tó ń hùwà ènìyàn: ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tó ń wọ aṣọ, tó ń jowú, tó ń jẹ gbèsè. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìjàpá tó jí oúnjẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, tó dà á sínú fìlà, tó sì dé fìlà náà mọ́rí, kì í ṣe ìjàpá inú igbó mọ́. Àna ni, olè ni, onítìjú sì ni. Àwọn aláwòrán Amẹ́ríkà ní tiwọn pẹ̀lú: Mickey Mouse jáde ní ọdún 1928, Tom àti Jerry sì bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn ní ọdún 1940. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kárí ayé ló ti fi àwọn wọ̀nyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kò sọ wọ́n di ará agbo kankan, gẹ́gẹ́ bí àlọ́ Ìjàpá tí ìyá wa àgbà pa fún wa kò ṣe sọ wá di ẹgbẹ́ Ìjàpá. Ẹni tó wo kátúùnù, tó rẹ́rìn-ín, tó sì lọ sùn, ẹni tó ń kọjá lọ ni. Agbo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn bá wá ara wọn kiri nítorí ohun tí wọ́n jọ fẹ́ràn.

Bí wọ́n ṣe wá ara wọn kiri ni ó máa sọ ilé tí wọ́n ti jáde fún wa. Ní ọdún 1926, Hugo Gernsback bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ìyẹn ìtàn nípa ìrìn àjò lọ sí àwọn ìsọ̀gbè ìràwọ̀ àti nípa ayé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé sínú rẹ̀, ó sì ń tẹ àdírẹ́sì wọn mọ́ ọn. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà, nítorí pé àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ara wọn láìgba ọ̀dọ̀ olóòtú, wọ́n ń ṣe ìwé pélébé tiwọn, wọ́n ń pàdé, títí wọ́n fi ṣe àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ wọn ní New York ní ọdún 1939. Ní àpéjọ yẹn gan-an, Forrest J Ackerman àti Myrtle Douglas wọ aṣọ bíi ti àwọn ará ọjọ́ iwájú, tó jẹ́ pé Douglas fúnra rẹ̀ ló rán an. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí ọmọ tó wọ aṣọ akọni inú ìtàn lọ sí àpéjọ lónìí, kó mọ̀ pé àṣà náà ti ju 80 ọdún lọ, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹranko.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹranko inú ìwé aláwòrán wà nínú agbo ńlá yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n dúró sí. Ní ọdún 1976, Reed Waller àti Ken Fletcher bẹ̀rẹ̀ ìwé kan ní Minneapolis tí wọ́n pè ní Vootie. Ó wù mí kí n ṣàlàyé bí ìwé náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ó jọ èésú wa. Olúkúlùkù aláwòrán á ya ojú ewé tirẹ̀ nílé, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní iye àwọn tó wà nínú ètò náà, á fi gbogbo ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń kó o jọ bí olórí alájọ. Ẹni yìí á to ojú ewé gbogbo wọn pọ̀, á gán an di ìwé, á sì fi odidi ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ padà sílé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dá ojú ewé méjì á kó odidi ìwé. Kò sí ilé ìtẹ̀wé, kò sí olówó tó ni ín, kò sì sí ẹni tó lè kà á láìjẹ́ pé òun náà mú iṣẹ́ wá tàbí pé ó ní ọ̀rẹ́ tó mú iṣẹ́ wá. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tiwọn. Láti inú agbo ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí Vootie dáwọ́ dúró ní ọdún 1983, òmíràn tó ń jẹ́ Rowrbrazzle rọ́pò rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Láàárín méjèèjì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1980, wọ́n ṣe àpéjọ àgbáyé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní Boston, Steve Gallacci sì gbé àwòrán kan hàn níbẹ̀: ológbò obìnrin kan ni, tó jẹ́ ológun. Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣe yẹ̀yẹ́, kò lé eku. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ títí di ìgbà náà ni pé ẹranko tó wọ aṣọ wà fún ẹ̀rín ọmọdé. Ológbò yìí ní ojú ẹni tí ogun ti rẹ̀. Àwọn tó rí i yí olùyàwòrán ká, wọ́n ń béèrè ìtàn rẹ̀, wọ́n sì ń bá ìjíròrò náà lọ ní àpéjọ lẹ́yìn àpéjọ. Fred Patten, tó kọ ìtàn agbo náà sílẹ̀, ka Boston sí ibi tí orísun ti ṣẹ̀. Kí ẹ kíyè sí i pé inú ọgbà ẹlòmíràn ni wọ́n ti pàdé.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Mark Merlino wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1977 fún àwọn tó fẹ́ràn kátúùnù Jàpáànù, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní anime. Mark Merlino yìí kan náà, òun àti Rod O'Riley, ni wọ́n ṣètò àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ẹranko tó dá dúró fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Costa Mesa ní California, ní ọdún 1989. Àwọn tó wá kò tó 100. Ọwọ́ kan náà ló gbé agbo méjèèjì ró, àwọn ọmọ wa tó ń wo anime ní Àgọ́ Ìwòyè lónìí kò sì mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n jẹ́ sí ohun tí àwọn òbí wọn ń bẹ̀rù.

Láti ìgbà náà, ọmọ ti dàgbà. Àpéjọ ti Jámánì, Eurofurence, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995. Anthrocon bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1997, Pittsburgh ni ó sì wà láti ọdún 2006, níbi tí ó ti ń kó owó jọ lọ́dọọdún fún àwọn tó ń tọ́jú ẹranko. Èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá Chicago ti ń kó ènìyàn tó ju 10,000 jọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ alálága, ṣùgbọ́n agbo ni wọ́n, ara agbo ńlá àwọn olólùfẹ́ sì ni wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, àṣà ibẹ̀ ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún jẹ́ olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ti eré kọ̀ǹpútà tàbí ti anime lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó kọ́ ilé tirẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọmọ agbo ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan mú wọn yàtọ̀ sí àwọn ìbátan wọn yòókù, ó sì ṣe pàtàkì kí a yé e, torí òun ló ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo olólùfẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba ife líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n Remo Stars ni ìdí tó fi ń ra jẹ́sì, tó fi ń pariwo. Bí ẹgbẹ́ náà bá túká lọ́la, kò ní ẹni tí yóò pariwo fún. Irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo: àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn àwọn ẹṣin kéékèèké inú My Little Pony tó jáde ní ọdún 2010, tàbí àwọn tó fẹ́ràn Sonic, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ búlúù inú eré kọ̀ǹpútà ọdún 1991. Iṣẹ́ kan wà, ilé-iṣẹ́ kan ló ni ín, àwọn olólùfẹ́ sì yí i ká.

Àwọn furry kò ní Remo Stars kankan. Kò sí fíìmù kan, kò sí ìwé kan, tí a lè nawọ́ sí pé bí kò bá sí i, àwọn náà kò sí. Lóòótọ́, inú wọn dùn nígbà tí Disney gbé Zootopia jáde ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà ṣáájú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n dà bí àwọn ọmọ àdúgbò tó ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé olúkúlùkù ló gbé bọ́ọ̀lù tirẹ̀ wá. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹranko tí wọ́n dá fúnra wọn, tí wọ́n fún ní orúkọ, àwọ̀ àti ìwà, tí wọ́n sì fi ń ṣojú ara wọn láàárín ọ̀rẹ́. Fursona ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ń yà á, àwọn kan ń sanwó fún olùyàwòrán kí ó bá wọn yà á, àwọn kan ń kọ ìtàn nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn fúnra wọn ni ó ń bọ́ agbo náà. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé agbo ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe olólùfẹ́ nǹkan kan. Lójú tèmi, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé Vootie: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni agbo ńlá náà ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, àwọn olólùfẹ́ ẹranko kàn ṣe é ju àwọn yòókù lọ ni.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló dẹ́rù ba àbúrò mi jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Nílẹ̀ wa, aṣọ tó bo ènìyàn látòkè délẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Bí Agẹmọ bá ń bọ̀, obìnrin kì í wò ó, a kì í sì í béèrè ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tí a tọ́ dàgbà báyìí, tó wá rí àwòrán ènìyàn inú aṣọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lórí fóònù, kò lè ṣàìrò pé awo kan wà níbẹ̀. Kò sí awo. Fóòmù àti aṣọ onírun tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń rán an, kì í ṣe awọ ẹranko. Ní àwọn àpéjọ ńlá, yàrá kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó wọ̀ ọ́: bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ ó rí orí ìkookò lórí tábìlì, ẹ ó rí orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tó ni orí wọ̀nyí á sì dúró níwájú fáànù ńlá, òógùn ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń mu omi, nítorí pé inú aṣọ náà gbóná gidigidi. Owó rẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, nítorí náà àwọn tó ní odindi rẹ̀ kò pọ̀ nínú agbo. Ẹni tó bá rò pé aṣọ ni furry, ó ń wo àwọn díẹ̀ tí kámẹ́rà fẹ́ràn.

Ti pé wọ́n gbà pé ẹranko ni àwọn, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìbágbépọ̀ ẹ̀dá bíi Kathleen Gerbasi, Courtney Plante, Stephen Reysen àti Sharon Roberts ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ sí àpéjọ wọn láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn mọ̀ dájú pé ènìyàn ni àwọn, tí ohun tí wọ́n ń ṣe sì jẹ́ ìgbádùn àti ọ̀nà láti rí ọ̀rẹ́. Àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ pé apá kan nínú ẹ̀mí àwọn jẹ́ ti ẹranko. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ yàtọ̀, therian ni, ènìyàn sì lè jẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ èkejì. Irọ́ ńlá sì ti ti ibi àìmọ ìyàtọ̀ yìí wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, aṣòfin kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní àwọn ilé-ìwé fẹ́ máa gbé àwo ìyàgbẹ́ ológbò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ṣe bí ẹranko. Kò sí òtítọ́ nínú rẹ̀, òun náà sì padà tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti rìn dé Ṣágámù kí àforíjì tó wọ bàtà.

Mo sọ ohun kan fún àbúrò mi tí mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún òbí kankan. Àgbàlagbà ló pọ̀ nínú agbo yìí, àwọn kan nínú wọn sì ń ya àwòrán tí kò yẹ kí ọmọdé rí. Nítorí náà, kí ìyá mọ ibi tí ọmọ ń fi àwòrán rẹ̀ hàn sí, kí ó sì mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe ṣe bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí orin ni ọmọ náà fẹ́ràn.

Ó ku ìbéèrè kejì: ta ni a lè pè ní ara agbo náà? Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹnì kan lè bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ojúgbà, wọlé láàárọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n jọ dá, kó tún jókòó ti ìdílé rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin wọn bá dé. Jíjẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀kan kò gba èkejì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lábẹ́ ọdún kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í di ará rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nítorí pé ará òde nawọ́ sí i láti orí àga ìwòran pé aṣọ rẹ̀ jọ tiwọn. Nínú agbo furry pẹ̀lú, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà kún ara wọn. Àwọn aláwòrán wà tí wọ́n ti ń ya ẹranko aláṣọ láti ọdún gbọọrọ tí wọn kì í sì í jẹ́ orúkọ náà. Kò yẹ kí a fi lé wọn lórí. Ìwà ẹni tó ń fẹ́ràn nǹkan kò tó láti sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣágámù. Mo bi ọmọ náà pé ta ni òkété inú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Dádì Òde, Màmá Alágààrì ni. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn bu gààrì wọn tọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì." Mo ṣàkíyèsí pé "wọn" ni ó ń pe òkété náà, kì í ṣe "ó", nítorí pé àgbàlagbà ni òkété, ọmọ tí a kọ́ dáadáa sì ni òun. Mo bi í bóyá furry ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn méjì tó máa ń wo àwòrán òun lórí fóònù ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Brazil. Ẹni ti Brazil ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì ti bẹ ọmọ wa pé kó ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà pọ̀ mọ́ Màmá Alágààrì. Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn fún èmi àti ìyá rẹ̀. Pẹ́ńsù ló ṣì fi yà á, kò tíì kun ún: òkété jókòó lórí àpótí pẹ̀lú igbá gààrì níwájú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ará Brazil sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ìrù rẹ̀ nílẹ̀.